Ta Ló Mú Lọ́yà Yẹn Wá?

Gbólóhùn kan wà tó ń jà ràn-ìn ní àdúgbò wa yìí, òun ni mo fẹ́ bá wọ̀jà lónìí. Éjẹ́ńtì á ti mú yín rìn yí ilé ká. Ẹ ti rí yàrá, ẹ ti rí ilé ìdáná, ẹ ti rí ibi tí jẹnẹrétọ̀ máa wà, ọkàn yín ti wọ inú ilé náà kí ẹ̀yin fúnra yín tó wọ̀ ọ́. Ẹ wá ní ẹ fẹ́ lọ wá lọ́yà tó máa bá yín wo ìwé. Ni yóò bá rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ẹ má da ara yín láàmú, Mọ́mì. A ní lọ́yà wa. Sọ̀fíyọ̀ wà. Ẹni tó máa bá wa wo ìpìlẹ̀ àti òrùlé náà wà. Gbogbo rẹ̀ la máa bá yín ṣe." Ọkàn yín á balẹ̀. Ẹ ó tún dúpẹ́ pé Ọlọ́run rán ẹni tó mọ̀nà sí yín.

Ẹ̀yin ará, mi ò gbà pé Ọlọ́run ló rán an ní iṣẹ́ yẹn.

Mi ò sọ pé olè ni éjẹ́ńtì o. A ní wọn nínú ìjọ yìí, mo mọ bí oòrùn ṣe ń pa wọ́n láàárín Karmo àti Gwarinpa, tí àwọn tí wọ́n mú lọ wo ilé á kàn wò ó tán tí wọn ò ní gbé fóònù mọ́. Iṣẹ́ gidi ni. Ohun tí mò ń sọ kò le. Éjẹ́ńtì kì í rí kọ́bọ̀ gbà àyàfi tí ilé bá tà. Lọ́yà tí ẹ ń wá ní tirẹ̀, ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lè wo ìwé tán kó sọ fún yín pé, "Ẹ má rà á." Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú kí ọjà tà, kò yẹ kó jẹ́ òun ni yóò yan ẹni tó lè dá ọjà náà dúró. Bó bá tiẹ̀ ń gba ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, kò yẹ.

Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń rí. Lọ́yà kan wà tí éjẹ́ńtì kan ń gbé iṣẹ́ fún ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́dún. Ẹ̀yin wá dé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa gbé iṣẹ́ fún un láyé yín, torí ilé mélòó ni ẹni tó ń gba owó oṣù ń rà? Nínú ẹ̀yin àti éjẹ́ńtì, ta ni kò ní fẹ́ ṣẹ̀? Kò nílò kó parọ́ kankan. Ó kàn lè wo fótókọ́pì dípò kó lọ sí ọ́fíìsì. Ó kàn lè gbà pé ìwé àyẹ̀wò tí éjẹ́ńtì mú wá ti tó. Ìbéèrè tó yẹ kó bi ẹni tó ń tà, ó lè má bi í, kí ọjà má bàa tutù. Bí ilé bá wó lulẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó máa rí ibi tó ti ṣẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ta yín.

Ti owó ẹ̀yìn tún ń bẹ níbẹ̀. Ẹ ó san owó lọ́yà, apá kan nínú rẹ̀ á gba ẹ̀yìn padà sí àpò ẹni tó mú lọ́yà wá. Ní ìlú wa àṣà ni, wọ́n á ní ọ̀rẹ́ ló fi dá ọ̀rẹ́ lọ́lá. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Maryland àti ní Houston mọ̀ pé lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ kóòtù ni. Láti 1974 ni òfin tí wọ́n ń pè ní RESPA ti wà ní Amẹ́ríkà. Bí ẹnì kan bá ń yá owó ra ilé, òfin náà kò jẹ́ kí éjẹ́ńtì tàbí ẹlòmíràn gba owó ẹ̀yìn nítorí pé ó darí rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó máa bá a ṣètò ìwé tàbí ṣe àyẹ̀wò. Owó ìtanràn lè tó dọ́là 10,000, ẹ̀wọ̀n ọdún kan sì lè bá a rìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́yà tó bá ń san owó fún ẹni tó darí oníbàárà sí i gbọ́dọ̀ la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún oníbàárà. Kì í ṣe pé òyìnbó mọ́ jù wá lọ, ojú wọn ló ti rí i. Níhìn-ín pàápàá, ìlànà ìwà tó de àwọn lọ́yà ní Nàìjíríà, ti 2007 tí wọ́n tún ṣe ní 2023, ní kí lọ́yà sọ fún oníbàárà bóyá nǹkan kan wà láàárín òun àti ẹlòmíràn nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣé lọ́yà éjẹ́ńtì sọ ọ́ fún yín? Ṣé ẹ̀yin náà bi í?

Ẹ̀yin á ní, Pásítọ̀, kí ló dé tí ẹ fi gbé e bí ẹni gbé pósí? Nítorí ibi tí a wà ni. Púpọ̀ nínú wa fi ojú Ìbàdàn àti ojú Ìjẹ̀bú wo ilẹ̀ Abuja. Nílé, tí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ ó lọ bá olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí. Àwọn aládùúgbò á sọ fún yín ẹni tí baba rẹ̀ ń ro oko níbẹ̀. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Ìdùndùn àti Òkùmágbà, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu ìdílé sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ní Abuja, ìtàn ìdílé kò lè gbà yín. Òfin tó dá Abuja sílẹ̀ ní 1976 gbé ilẹ̀ ibí lé Ìjọba Àpapọ̀ lọ́wọ́, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sì tún un sọ. Mínísítà ló ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gbé orí rẹ̀. Gbogbo wa la jẹ́ àlejò níhìn-ín. Orúkọ àdúgbò wa gan-an, láti ara ibùdó àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé ló ti wá. Nítorí náà, ohun tí ìyá àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lè sọ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìjókòó, níbí, inú ìwé nìkan ló wà. Ẹni tó bá ń bá yín ka ìwé náà, òun ni ojú yín. Ẹ ò wá lè gba ojú lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà fún yín.

Ẹ wo bí ìwé náà ṣe pọ̀ ní oríṣiríṣi. Àwọn kan ní C of O tí Mínísítà fọwọ́ sí. Àwọn kan ní lẹ́tà ìpín ilẹ̀ lásán. Àwọn kan ní ìwé láti ọ̀dọ̀ Area Council, tí àwọn ènìyàn sì fi ń kọ́ ilé bí ẹni tó ti parí ọ̀rọ̀. Ní ìparí 2024, katakata wó ilé ní Sabon Lugbe, àwọn tó kọ́ wọn ń mú ìwé jáde, ìjọba ní ìpín ilẹ̀ náà kò bófin mu. Ní 2025 ni FCTA gbé ètò jáde láti tún ìwé Area Council ṣe kó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Tí ilé tí wọ́n ń tà fún yín bá wà lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ibo ló dé nínú ètò náà? Ta ni máa san owó rẹ̀, ẹ̀yin ni àbí ẹni tó ń tà? Ìbéèrè lọ́yà nìyẹn, kò sì sí éjẹ́ńtì tó fẹ́ kí wọ́n bi í lọ́jọ́ tí owó ti wà ní báńkì.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa yìí, ti ẹ́síteetì ló wá pọ̀ jù. Ìjọba á fún dẹfẹlọ́pà kan ní ilẹ̀ ńlá lábẹ́ ètò ilé púpọ̀, dẹfẹlọ́pà á kọ́ ilé ọgọ́rùn-ún, á tà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù tó rà á á gba lẹ́tà tó ní èdìdì pupa, á fi sínú fáìlì, á ní òun ti ní ilé ní Abuja. Lẹ́tà dẹfẹlọ́pà kì í ṣe C of O. Ìwé ìyá, èyí tó gbé gbogbo ilẹ̀ náà, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀. Tí ẹni yẹn bá jẹ báńkì ní gbèsè, tàbí kò san owó ilẹ̀ ọdọọdún fún ìjọba, ibo lẹ̀yin wà? Ní oṣù kẹta 2025, ìjọba kéde pé àwọn gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ 4,794 padà nítorí gbèsè owó ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òmíràn nínú rẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún. Ilé kò sọ gbèsè tó wà lórí rẹ̀. Táìlì á máa dán, omi á máa jáde nínú ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda tún wà. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ kò lè gbé e fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé gómìnà yọ̀ǹda, ní Abuja Mínísítà ni. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ájílò, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ fi hàn pé òfin yẹn kì í ṣe eré: báńkì ńlá yá ènìyàn lówó, ó gba ilé ní ìdúró, kò sì sí ìyọ̀ǹda, ìdúró náà di òfo. Báńkì tó ní lọ́yà tirẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí o. Ẹ̀yin tí ẹ yá lọ́yà éjẹ́ńtì lò ńkọ́?

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nísinsìnyí ni pé wọ́n ti fẹjọ́ mi sùn. Ìyá kan nínú ìjọ wa, opó, kó owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ jọ mọ́ owó ilé kan tí wọ́n tà ní Ìbàdàn, ó fẹ́ ra ilé oníyàrá mẹ́ta. Éjẹ́ńtì mú lọ́yà wá, lọ́yà kọ ojú ìwé kan ààbọ̀ pé gbogbo nǹkan dára. Mo ní kí ọmọ ìyá náà mú ìwé lọ fún lọ́yà mìíràn tí kò mọ éjẹ́ńtì náà rárá, tí wọ́n á san owó iṣẹ́ rẹ̀ bóyá ìyá ra ilé tàbí kò rà á. Ìyẹn ní kí wọ́n mú ìwé ìyá wá. Títí di òní olónìí, wọn kò tíì mú un wá. Ìyá náà ò rà á mọ́. Ni wọ́n bá ń sọ kiri pé Pásítọ̀ ń ba iṣẹ́ ọmọ Ọlọ́run jẹ́, pé èmi ò ní ìfẹ́ ará. Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ará látinú Bíbélì.

Ẹ ṣí Jeremáyà orí 32. Wọ́n ti sé wòlíì mọ́ àgbàlá àwọn ẹ̀ṣọ́, ogun Bábílónì ti yí ìlú ká. Ọlọ́run ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé Hánámẹ́lì, ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀, ń bọ̀ wá ta oko Ánátótì fún un. Ẹ rò ó wò: ìbátan rẹ̀ ló ń tà á, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kó rà á. Tó bá jẹ́ àwa ni, a ò ní bèèrè nǹkan kan mọ́. Kí ni Jeremáyà ṣe? Ó wọn fàdákà ṣékélì mẹ́tàdínlógún lórí ìwọ̀n. Ó kọ ìwé, ó dì í, ó pe ẹlẹ́rìí. Ìwé méjì ni, ọ̀kan wà ní dídì, ọ̀kan wà ní ṣíṣí. Lójú Hánámẹ́lì àti gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀, ó kó ìwé náà lé ẹnì kan lọ́wọ́ pé kó fi sínú ìkòkò amọ̀ kó lè pẹ́. Ta ni ẹni náà? Bárúkù ni, akọ̀wé tí Jeremáyà ń bá ṣiṣẹ́. Kò bèèrè lọ́wọ́ Hánámẹ́lì pé, "Ṣé ẹ ní akọ̀wé kan?" Hánámẹ́lì kò sì bínú pé wọn ò fọkàn tán òun.

Ẹ wá lọ wo àwọn àgbà Ísírẹ́lì nínú Jóṣúà orí 9. Àwọn ará Gíbéónì fẹ́ bá wọn dá májẹ̀mú, wọ́n ní ọ̀nà jíjìn làwọn ti wá. Ẹ̀rí dà? Àwọn fúnra wọn ló gbé e wá: búrẹ́dì tó ti bu, ìgò awọ tó ti ya, bàtà tó ti gbó. Àwọn àgbà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ má rò pé wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò o. Ẹ̀rí tí ẹni tó fẹ́ kí májẹ̀mú wáyé dì sínú àpò fún wọn ni wọ́n yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n mọ̀ pé aládùúgbò ni wọ́n, ìbúra sì ti jáde lẹ́nu. Àwa pásítọ̀ fẹ́ràn láti wàásù pé wọn kò bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò tún rán ọmọkùnrin kan ṣoṣo lọ sí ojú ọ̀nà láti lọ wo ibi tí àwọn ènìyàn náà ti ń bọ̀.

Àwọn kan á ní lọ́yà éjẹ́ńtì mọ ọ̀nà AGIS, ó yá, òun kì í fi nǹkan falẹ̀. Mo gbà. Láti ìgbà tí El-Rufai jẹ́ Mínísítà ni AGIS ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja sórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá ti ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ á mọ fèrèsé tí wọ́n ń tò sí. Ṣùgbọ́n ìyára wo lẹ̀ ń sá tẹ̀ lé? Ilé tí ẹ máa gbé fún ogún ọdún, ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò bà á jẹ́? Nígbà tí éjẹ́ńtì bá sọ pé ẹnìkan ti fẹ́ san owó lọ́la, ẹ jẹ́ kí ẹni yẹn san án. Ìwé àyẹ̀wò AGIS tí éjẹ́ńtì bá sì fi WhatsApp ránṣẹ́ sí yín, àwòrán ni. Lọ́yà yín ni kó béèrè fún un, kó sì gbà á lọ́wọ́ ọ́fíìsì.

Owó náà ńkọ́? Wọ́n á ní lọ́yà tiyín á gbọ́n owó yín. Òótọ́ ni pé yóò gba owó, lọ́yà éjẹ́ńtì náà ṣáà ń gba owó, ẹ kàn ń san án láìmọ ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ń sọ pé, "Ará ìjọ wa ni, Ẹ̀mí Mímọ́ á jẹ́rìí." Ẹ̀yin ará, ẹ má fi orúkọ Ẹ̀mí Mímọ́ ṣe èdìdì lórí ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kà. Nínú òfin Mósè, ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ń dúró lé. Éjẹ́ńtì àti lọ́yà rẹ̀ àti sọ̀fíyọ̀ rẹ̀, ẹ kà wọ́n dáadáa, ẹlẹ́rìí kan ni gbogbo wọn.

Ibo lẹ ti máa wá rí tiyín? Kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti ra ilé ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn tí nǹkan kan ò ṣe é, ní ibòmíràn, kì í ṣe lọ́wọ́ éjẹ́ńtì kan náà. Ẹ wá bóyá orúkọ lọ́yà náà wà nínú ìwé àwọn tí Kóòtù Tó Ga Jù Lọ kọ sílẹ̀ ní lọ́yà. Ontẹ̀ NBA tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé láti 2015 ń fi hàn pé lọ́yà ni, kò fi hàn pé tiyín ni. Sọ̀fíyọ̀ ní SURCON, àwọn tó ń díye lé ilé ní ESVARBON, ẹnjiníà ní COREN. Ìgbìmọ̀ tí òfin dá sílẹ̀ ni wọ́n, ẹ lè bi wọ́n bóyá wọ́n mọ orúkọ tí wọ́n fún yín. Tí éjẹ́ńtì bá ṣì fún yín lórúkọ, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì bi ẹni náà nínú ìwé: ẹ̀ẹ̀melòó ni éjẹ́ńtì yìí ti gbé iṣẹ́ fún un, kí ló sì ń fún un níbẹ̀? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ á dáhùn. Mo mọ ọ̀kan tó dáhùn, inú mi dùn sí i.

Ẹ̀yin éjẹ́ńtì inú ìjọ, ẹ̀yin ni mo kàn báyìí, kì í ṣe láti fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin ló yẹ kó kọ́kọ́ máa sọ fún àwọn tó ń rà pé, "Ẹ lọ wá lọ́yà tiyín, kó má jẹ́ ẹni tí mo mọ̀." Àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ dára kì í bẹ̀rù pé kí wọ́n gé e wò. Tí ilé bá mọ́, lọ́yà àjèjì kò ní pa ọjà yín, kàkà bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́rìí yín fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwa pásítọ̀ náà, ẹ jẹ́ ká yé fi pẹpẹ polówó ilẹ̀. Mo ti jókòó nínú ìsìn, kì í ṣe níbí, tí wọ́n gbé màíìkì fún éjẹ́ńtì lẹ́yìn ìwàásù, tí ó ní ẹ́síteetì tuntun ti ṣí ní ẹ̀bá ọ̀nà Kubwa, pé lọ́yà ìjọ ló ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ìyá ń kọ orúkọ sílẹ̀ kí ìsìn tó tú. Lọ́yà ìjọ yẹn, ta ló san owó iṣẹ́ rẹ̀? Mo bèèrè lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní ẹ̀bùn ni dẹfẹlọ́pà fi ṣe fún ìjọ. Ní tiwa níbí, láti ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kò sí ìkéde ilẹ̀ tàbí ilé kankan mọ́ láàárín ìsìn, ì báà jẹ́ ti àna mi. Pátákó ìkéde wà ní ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá ní ilé tó fẹ́ tà lè lẹ ìwé mọ́ ọn, orúkọ éjẹ́ńtì nìkan ni kó sì wà níbẹ̀. Tí mo bá rí nọ́ńbà lọ́yà lábẹ́ rẹ̀, èmi fúnra mi ni máa ya á.